Àwọn Ọmọ Tó Ń Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máṣíìnì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àìsàn Lewy

(Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan ní Ìbàdàn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà, ṣùgbọ́n mi ò yọ ohùn ẹnu kúrò nínú rẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé ni wọ́n ní kí n wá sọ, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n kí n tètè jẹ́wọ́: àìsàn tí mo gbé wá lónìí, ìgbàgbé kọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè ti wà lára àgbà fún ọdún mélòó kan, kí àgbà náà ṣì mọ orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ó sì rántí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ní 1978. Ohun tó máa sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ yàtọ̀.

Bàbá ọkọ mi ni mò ń wí. Télọ̀ ni wọ́n. Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, kí ẹ tó jókòó ni wọ́n ti fi ojú wọn èjìká yín, tépù kàn wà lọ́rùn wọn fún ẹ̀ṣọ́ ni. Lọ́dún Iléyá kan, oníbàárà wá gba aṣọ. Ó wọ bùbá náà, ó ń fọwọ́ wá àpò, kò rí i. Ẹ̀yìn ni àpò wà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojú àwọn ló ṣì àwọn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ojú ni gbogbo wa rò. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ojú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ojú ò burú tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí o, ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ṣiṣẹ́ náà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀wé ló jẹ́ kí n gbójú fo ohun tó wà níwájú mi.

Dókítà tó wá mọ̀ ọ́n ní kí Bàbá rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un láìyẹ̀. Ó wá fún wọn ní bébà, ó ní kí wọ́n ya aago. Wọ́n ya òbìrí kan tó dára, wọ́n wá kó gbogbo nọ́ńbà rẹ̀, láti 1 títí dé 12, sí ìhà ọ̀tún nìkan, bí ìgbà tí àgbébọ̀ kó ọmọ sábẹ́ ìyẹ́ apá kan. Wọ́n wo ohun tí wọ́n yà. Wọ́n mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí àtúnṣe ti máa bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ọrùn agbádá láìlóǹkà!

Orúkọ àìsàn náà ni Lewy. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Júù ni, ọmọ ìlú Berlin ní Jámánì, 1885 ni wọ́n bí i. Ní 1912, nígbà tó wà ní ilé iṣẹ́ Alois Alzheimer ní Munich, ó ń fi awò yẹ ọpọlọ àwọn tí àìsàn Parkinson pa wò, ìyẹn àìsàn tí ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tí ń mú ara le. Ó rí nǹkan róbótó-róbótó nínú àwọn ẹ̀yà ọpọlọ náà. Nígbà tí ìjọba Hitler dé ní 1933, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sá lọ sí England, ó tibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1950. Kò mọ̀ pé nǹkan róbótó yẹn máa di orúkọ àrùn ìgbàgbé kan lọ́tọ̀. Ará Japan kan, Kenji Kosaka, ló fi hàn láti 1976 pé nǹkan náà lè fọ́n ká gbogbo ọpọlọ, kí ó sì sọ iyè ènìyàn dìdàkudà. Ní 1997 ni wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní alpha-synuclein. Gbogbo wa la ní i lórí. Lára àwọn kan ni ó ti ń dì bí ògì tí wọn ò rò dáadáa, tó ń ṣe kókó.

Kò wọ́pọ̀ tó àìsàn Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù. Nínú 100 tí dókítà bá sọ pé àrùn ìgbàgbé ń ṣe, nǹkan bí 4 sí 7 ni wọ́n máa ń pè ní ti Lewy. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá yẹ ọpọlọ òkú wò, wọ́n máa ń rí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ló ń ní in tí wọ́n ń fi orúkọ mìíràn pè é títí wọ́n á fi kú. Robin Williams, òṣèré apanilẹ́rìn-ín ará Amẹ́ríkà, Parkinson ni wọ́n sọ fún un pé ó ní. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2014 ni wọ́n tó rí i pé Lewy ti gba gbogbo ọpọlọ rẹ̀. Bí wọn ò bá sì rí ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó wà láàárín dókítà lọ́tùn-ún lósì, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí ìyá àgbà kan ní Ọ̀jẹ́, ní Ìbàdàn níbí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbà gbọ́ nípa bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kan wà lókè òkun tó ń ya bí dopamine, èròjà tó ń jẹ́ kí ara ṣe wẹ́rẹ́, ṣe kù sí nínú ọpọlọ. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ènìyàn lójú oorun láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n dára púpọ̀. Wọn ò sí ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ṣe pàtàkì jù wà nílé yín, òun ni ẹnu ìyàwó, ẹnu ọmọ, ẹnu ẹni tó ń bá wọn gbélé.

Ìbàdàn níbí sì ti fi ìyẹn hàn. Láti 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì lára wọn, ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n ń bá àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001 ya ayé lẹ́nu: lọ́dọọdún, 1.35 nínú 100 ni àrùn ìgbàgbé ń mú ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ìyẹn làwọn ìwé ìròyìn gbé. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà. Wọ́n bi àgbà ní ìbéèrè, wọ́n sì tún bi ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ìbéèrè lọ́tọ̀: ṣé wọ́n ṣì ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ló yí padà? Àgbà tí kò kàwé lè ṣìṣe lórí ìbéèrè bébà, kí nǹkan kan má ṣe é. Ẹni tó ń bá a gbélé ló máa là á.

Nítorí náà, kí ni kí ẹnu yín sọ fún dókítà? Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wá jù. Tí méjì nínú rẹ̀ bá ti wà pẹ̀lú iyè tó ń yẹ̀, ó di pé kí wọ́n fura gidi.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí oorun bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló máa ń ṣáájú. Bí a bá ń lálàá, ara wa máa ń dà bí ohun tí wọ́n fi okùn dè. A ń sáré lójú àlá, ẹsẹ̀ ò mì lórí ibùsùn. Nínú àìsàn yìí, okùn náà ń tú. Ẹni tó ń jà lójú àlá á ju ẹ̀ṣẹ́ gidi. Ìyá ọkọ mi ti kúrò ní yàrá Bàbá fún bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọ̀rọ̀ bùbá yẹn. Gbogbo ẹbí rò pé ìjà ni, wọ́n pe ìpàdé lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ò sọ nǹkan kan, ojú ń tì wọ́n láti sọ pé ọkọ àwọn ń gbá àwọn nípàá lóru. Nígbà tí dókítà bi wọ́n, wọ́n kọ́kọ́ wò mí lójú, wọ́n wá ní: “Ó máa ń pariwo olè. Ó ń lé olè. Èmi ló ń bá.” Ọdún mẹ́wàá! Àmì ti wà nílé, kò sẹ́ni tó bèèrè.

Èkejì ni ohun tí wọ́n ń rí. Kì í ṣe òjìji lásán, ènìyàn tó pé ni: ọmọdé, ẹranko, àlejò tó wọṣọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò bẹ̀rù wọn. Àwọn ọmọ mẹ́ta ni Bàbá ń rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ, nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Bàbá á ní, “Ṣé ẹ ti fún àwọn ọmọ yìí lóúnjẹ?” A ò mọ̀ pé wọ́n ti ń rí wọn tipẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ jáde. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti sọ. Ẹ sì mọ ìdí. Nílẹ̀ wa níbí, ìyá àgbà tó bá ní òun rí àwọn ọmọ kan nínú yàrá lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti lè sọ ọ́ di àjẹ́. Ẹlòmíràn á lọ sí orí òkè àdúrà, wọ́n á ní kó gbààwẹ̀, kó má mu omi. Mi ò bá àdúrà jà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 76 tí kò mu omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ní pẹ́ rí ju ọmọ mẹ́ta lọ.

Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n. Ẹ má bèèrè pé “ṣé orí yín ń dàrú?” Ẹ ní, “Ẹ máa ń rí àlejò tí àwa ò rí nígbà mìíràn?” Ẹ máa gbọ́.

Ẹ̀kẹta, iyè wọn kì í dúró sójú kan. Lówùúrọ̀ wọ́n á bá yín jiyàn lórí owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á sì borí. Lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó kalẹ̀, ojú á là sílẹ̀, wọn ò ní sí nílé. Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Ọmọ tó ń bọ̀ láti Èkó lẹ́ẹ̀kan lóṣù á bá wákàtí dáadáa pàdé, á ní kí ló dé tí ẹ̀ ń pa irọ́ àìsàn mọ́ Bàbá òun. (Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ará Èkó tó wà níbí.)

Ẹ̀kẹrin ni ara líle: ìrìn tó ti di fífà, ọwọ́ tí kì í jù mọ́ bí wọ́n bá ń lọ, ojú tí kò fi inú hàn mọ́. Bó bá jẹ́ pé ara líle yìí ti wà ju ọdún kan lọ kí iyè tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, àwọn dókítà á ní Parkinson ló di ìgbàgbé. Bí iyè bá ṣáájú, tàbí tí méjèèjì wọlé láàárín ọdún kan, Lewy ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn wà tó ń tẹ̀ lé e: imú tí kì í gbọ́ òórùn mọ́, ìgbẹ́ tí kì í yà, òòyì tó ń kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde lójijì.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá ò sùn. Wọ́n ń rìn kiri, wọ́n ń fa aṣọ tí kò sí lára ògiri, wọ́n fẹ́ jáde sí títì ní aago méjì òru. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kan. Èrò pọ̀, oníṣẹ́ alẹ́ ti rẹ̀, Bàbá ń pariwo, ni wọ́n bá ní kí wọ́n gún wọn ní haloperidol kí ara wọn lè balẹ̀. Èmi ni mo di apá wọn mú fún abẹ́rẹ́ náà. Mo ti rí i tí wọ́n ń gún un fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, kò mi mí. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, Bàbá le bí pákó. Ọrùn ò yí. Tí a bá bu omi sí wọn lẹ́nu, yóò ṣàn jáde, nítorí ọ̀fun ò gbé e mì. Ibà ni wọ́n wá rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn náà. Ibà ló ń dà wọ́n láàmú lóru yẹn. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó lè jókòó.

Ohun tó fà á nìyí. Dopamine ni èròjà tó ń jẹ́ kí ara ṣe wẹ́rẹ́. Àìsàn Lewy ti gbẹ ẹ́ kù díẹ̀. Haloperidol, Largactil (òun náà ni chlorpromazine) àti àwọn ẹbí wọn máa ń dí ọ̀nà mọ́ dopamine ni. Ẹ rò ó bí ìlú tí kànga méjì péré ṣẹ́kù sí, kí ẹnì kan wá ti ọmọrí méjèèjì pa. Láti 1992 ni McKeith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Newcastle, England, ti kọ ọ́ síta. Wọ́n wo 20 aláìsàn Lewy, 16 lára wọn ti gba irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ara 13 kọ̀ ọ́, ti 7 sì le gan-an. Ọdún 1992 o, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò gbọ́ ọ.

Nítorí náà, a kọ ọ́ sórí káàdì, a fi ọ̀rá bò ó, ó wà nínú àpò aṣọ Bàbá àti lára fìríìjì: “Àìsàn Lewy ń ṣe mí. Ẹ má ṣe gún mi ní haloperidol tàbí chlorpromazine. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ibà, ìtọ̀ àti omi ara mi wò. Ẹ pe nọ́ńbà yìí.” Bí rúkèrúdò bá dé lójijì, ẹ má kọ́kọ́ ro ọpọlọ. Ibà, àìsàn inú ìtọ̀, òùngbẹ, ìgbẹ́ tó dí, oògùn tuntun, àwọn ni kí ẹ wá. Tó bá wá di dandan kí wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń mú ọkàn balẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ dókítà ọpọlọ tàbí ti àwọn àgbàlagbà ló máa yan an, quetiapine bíńtín sì ni wọ́n sábà ń gbìyànjú.

Oògùn tó ń ran iyè wọn lọ́wọ́ wà, kò sí èyí tó ń wo àìsàn náà sàn. Rivastigmine wà, donepezil wà. Èròjà kan tó ń jíṣẹ́ láàárín ẹ̀yà ọpọlọ, acetylcholine, máa ń gbẹ nínú àìsàn yìí ju ti Alzheimer lọ. Àwọn oògùn méjèèjì kì í jẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù tètè ṣòfò. Láti 2000 ni àyẹ̀wò ti fi hàn pé rivastigmine ń ṣe dáadáa fún wọn, Japan sì fọwọ́ sí donepezil fún àìsàn Lewy ní 2014. Ohun tí Bàbá ń rí dín kù, ọ̀sán wọn là díẹ̀. Èébì ń gbé wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè fa ọwọ́ ọkàn sẹ́yìn, nítorí náà kí dókítà yẹ ọkàn wò kó tó kọ ọ́. Fún ara líle, levodopa, oògùn tó ń di dopamine nínú ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀ ni. Bó bá pọ̀, àlejò á pọ̀ sí i.

Ẹ wá lọ wo inú dúrọ́ọ̀ yín. Piriton tí à ń jẹ bí ẹ̀pà fún ara yíyún, Phenergan tí kẹ́míìsì ń tà fún oorun, Artane tí wọ́n ń fún ẹni tí ọwọ́ ń gbọ̀n: acetylcholine yìí kan náà ni gbogbo wọn ń dí lọ́nà. Kí ni èrè ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún pọn omi sí àmù, tó ń fi tòsì lu àmù náà? Ẹ má kàn já wọn jù nù lẹ́sẹ̀ kan náà o, ẹ kó gbogbo ike oògùn dání lọ bá dókítà.

Nílé, a gbé tìmùtìmù Bàbá sílẹ̀, a kó dígí àti àga onígun kúrò nítòsí. Wọ́n máa ń jókòó sí eteetí ibùsùn kí wọ́n tó dìde. A tan iná ní ìrọ̀lẹ́ kí òkùnkùn tó dé, nítorí wíríwírí ni àwọn ọmọ náà fẹ́ràn. A fi aṣọ bo dígí ńlá ṣọ́ọ̀bù, ó dín wàhálà kù. Mi ò gba máṣíìnì lọ́wọ́ wọn. Wọn ò ránṣọ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi òróró pa á, wọ́n ń nù ún, ọwọ́ wọn mọ ibẹ̀.

Ìyá kan bi mí ní ìparí pé tí ọkọ òun bá ní òun rí ènìyàn, ṣé kí òun bá a purọ́ pé òun náà rí i ni, àbí kí òun bá a jà? Mo ní kí wọ́n má jà, kí wọ́n má sì purọ́. Mo sọ ohun tí Màmá ń ṣe fún wọn. Tí Bàbá bá ti bèèrè oúnjẹ àwọn ọmọ, Màmá á ní, “Èmi ò rí wọn o, Bàbá Ràsákì, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, ebi ò ní pa ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí.” Wọ́n á bu ẹ̀pà sí àwo kékeré, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Bàbá á mí kanlẹ̀, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́.

Tí mo bá ti ibi ìpàdé bọ̀ lálẹ́, èmi ni mo ń jẹ ẹ̀pà náà.